Láti Le Puy dé Conques: bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ rin ọ̀nà GR65

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rin ọ̀nà yìí, kìlómítà ni mo kà. Mo jókòó sídìí tábìlì nílé, mo pín 200 kìlómítà sí ọjọ́ méje, mo sì rò pé ìṣirò ti parí. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Monistrol-d'Allier nínú òjò, orúnkún ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò jẹ́ kí èmi alára sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó sí Saugues, tí mò ń wo àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí èyí tó ń kánjú nínú wọn. Mo padà lọ ní ọdún kejì, mo fi ọjọ́ mọ́kànlá rìn ín, mo wá mọ ohun tí wọ́n mọ̀: ibi tí èèyàn máa sùn, ibi tí omi wà àti bí òkè ṣe rí ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́.

Apá kan nínú GR65, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, ni mò ń wí, láti ìlú Le Puy-en-Velay dé abúlé Conques, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ọ̀nà àtijọ́ ni. Ní ọdún 950, Godescalc tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Le Puy gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí wọ́n ní ibojì Jákọ́bù mímọ́ wà, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀ Faransé lọ síbẹ̀ tí orúkọ wọn kò parẹ́. Lónìí, ẹlẹ́sìn ń rìn ín, aláìlẹ́sìn ń rìn ín, ẹni tó kàn fẹ́ sá fún ìpè ọ̀gá rẹ̀ náà ń rìn ín. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé èwo lẹ jẹ́.

Ẹ mú oṣù kí ẹ tó mú ọjọ́

Àárín oṣù karùn-ún sí òpin oṣù kẹfà ló dára jù, tàbí oṣù kẹsàn-án. Aubrac ló fà á. Ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ ni, ó wà láàárín ọ̀nà, ó ga ju òkun lọ ní 1,200 mítà àti jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí igi tí èèyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Yìnyín ṣì lè bọ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, oòrùn a máa jó ni, àrá a sì máa sán lọ́sàn-án. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ti tilẹ̀kùn.

Ọ̀fìn kan wà nínú oṣù karùn-ún o. Àwọn ará Faransé ní ìsinmi ọjọ́ 1, ìsinmi ọjọ́ 8, àti Ìgòkè-re-Ọ̀run tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á wá so Ọjọ́ Ẹtì mọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n á so Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn, gbogbo ìlú á sì já sójú ọ̀nà. Ibùsùn á wọ́n bí ojú. Bákan náà ni ní nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, nígbà tí àwọn darandaran ń da màlúù gòkè lọ sí pápá Aubrac, tí wọ́n fi òdòdó àti agogo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wuni í wò. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba ibùsùn sílẹ̀ tipẹ́ kí ẹ tó lọ wò ó.

Ìwé ìrìnnà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹni tó bá di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo mú gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ì báà jẹ́ London ló ń gbé. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò. Ẹ rí i pé ó bo ìrìn orí òkè. Wọ́n á tún béèrè ibi tí ẹ máa sùn, nítorí náà ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn ilé àlejò. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìrìn ráńpẹ́, 90 ọjọ́ nínú 180. Ní ti èdè, àwọn èèyàn wa láti Kétu ti fi ẹsẹ̀ kan lé iwájú wa. Àwa tí kò gbọ́ Faransé, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń kíni, ká kọ́ nọ́ńbà, ká sì kọ́ bí a ṣe ń bèèrè ibùsùn lórí fóònù, kó tó dọjọ́.

Ìkíni ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ níbí, nítorí ilé la ti kọ́ ọ. Ẹ má wọ ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ kàn béèrè búrẹ́dì. «Bonjour» ni àkọ́kọ́, kí ẹ fi Madame tàbí Monsieur sí i, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹni tí kò kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Lójú ọ̀nà, ẹni tó bá pàdé yín á ní «Bon chemin!» Ẹ kú ìrìn náà ló sọ yẹn.

Ibùsùn ló ṣáájú ọ̀nà

Ilé tí wọ́n ń pè ní gîte d'étape ni ẹ máa lò jù. Ilé àlejò oníyàrá àjùmọ̀sùn ni, èèyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ nínú yàrá kan, balùwẹ̀ kan fún gbogbo yín. Bí ẹ bá gbọ́ demi-pension, oúnjẹ alẹ́, ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀ ti wà nínú owó yẹn. Ẹ gbà á. Ní alẹ́, gbogbo àlejò á jókòó yí tábìlì kan ká, wọ́n á gbé abọ́ ńlá kan sáàárín, kálukú á sì bu tirẹ̀. Ibi tábìlì yẹn ni ẹ ti máa gbọ́ pé odò ti bo afárá kan tí ẹ fẹ́ gbà lọ́la, tàbí pé ilé ìbúrẹ́dì abúlé tó ń bọ̀ kì í ṣí ní Mọ́ńdè.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ gba alẹ́ àkọ́kọ́ ní Le Puy àti alẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pè ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, nítorí ẹsẹ̀ yín ló máa sọ ibi tó lè dé. Bí ẹ kò bá ní í lè dé ibi tí ẹ gbà mọ́, ẹ pè wọ́n. Oúnjẹ yín ti wà lórí iná, bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí wọn ò rí yín, wọ́n á rò pé ẹ ti ṣubú sínú kòtò kan. Mo rí ìyá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó ń wo ọ̀nà fún àwọn méjì tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sílé wọn.

Ní ti owó, ẹ fi yúrò 65 sí 70 kalẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Kí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó ọwọ́. Ọ̀pọ̀ gîte kì í gba káàdì, ẹ̀rọ tó ń pọwó kò sì sí ní gbogbo abúlé.

Ẹrù: ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n

Báàgì ẹ̀yìn yín, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kí ó má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tó wọn kìlógírámù 70, kìlógírámù 7 ni, ó pọ̀ jù kó jẹ́ 8. Tèmi ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 13. Ṣòkòtò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì (mo ní kàtídírà ni mò ń lọ), ìwé mẹ́ta, àti gàrí Ìjẹ̀bú kìlógírámù kan àbọ̀. Ìyá tó ni ilé tí mo sùn sí lálẹ́ àkọ́kọ́ wo gàrí náà títí, ó fi ìka kó díẹ̀ tọ́ wò, ó ní ṣé couscous ni. Mo fi gbogbo rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ó fi mílíìkì sè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi àti òun nìkan la jẹ ẹ́.

Aṣọ ìrìn méjì ti tó: ẹ wọ ọ̀kan, ẹ fọ ìkejì. Kí ó má jẹ́ òwú, nítorí òwú máa ń mu òógùn, a sì tutù mọ́ni lára lórí Aubrac. Ẹ fi aṣọ òtútù kan sí i, kóòtù òjò, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sílípáàsì fún inú ilé (bàtà ìrìn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà), àti aṣọ fífẹ́lẹ́ tí a rán bí àpò tí ẹ máa sùn sínú rẹ̀, torí bùláńkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ gîte ń fúnni, kì í ṣe aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ẹ mú ohun ìdíwọ̀ etí. Ẹni tó ń hanrun kì í mọ̀ pé òun ń hanrun.

Ọ̀pá méjì, ẹ má fojú tín-ín-rín wọn. Ká ní mo ní wọn lọ́wọ́ nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Monistrol ni, orúnkún mi ì bá ti sinmi.

Bàtà tó bá yín dé Le Puy nínú páálí rẹ̀, ọ̀tá yín ni. Ẹ ti wọ̀ ọ́ rìn fún oṣù méjì. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà tí ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ẹ ó dé abúlé ná. Ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìléròró tí omi ti wà nínú rẹ̀ á gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ̀yìn yín kò bá lè gbé ẹrù rárá, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ọkọ̀ wọn ń gbé báàgì láti gîte dé gîte ní àràárọ̀. Ẹ so nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó di aago mẹ́jọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ní kí ẹ fi báàgì yín sílẹ̀ níta yàrá, ẹ má bínú. Ìdun ni wọ́n ń sá fún.

Àmì ojú ọ̀nà

Ìlà méjì tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, funfun lókè, pupa nísàlẹ̀, lórí igi, òkúta tàbí ògiri: ẹ wà lọ́nà. Bí ọfà tó yí bá wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó kọjú sí ni kí ẹ yà sí. Bí funfun àti pupa bá dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X, ibẹ̀ kọ́, ẹ padà. Ìlà àwọ̀ ìyeyè nìkan jẹ́ ti ọ̀nà kúkúrú tó máa yí yín po padà sí abúlé, pupa pẹ̀lú ìyeyè sì jẹ́ ti ọ̀nà mìíràn tó ń yí agbègbè ká. Ẹ má tẹ̀ lé e.

Òfin tí mo fi ń gbé ara mi nìyí: bí mo bá ti rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oríta tí n kò rí àmì kankan, mo máa ń padà sí ibi tí mo ti rí èyí tó kẹ́yìn. Mi ò kì í bá ara mi jiyàn. Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ IGN, ilé-iṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń ya àwòrán ilẹ̀, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:25,000, sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ nínú àfonífojì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ọ̀nà gan-an

Ẹ dé Le Puy ní ọjọ́ kan ṣáájú. Láti Paris, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá á gbé yín dé Lyon tàbí Saint-Étienne, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré. Orí ilẹ̀ tí òkè oníná dá sílẹ̀ ni ìlú náà wà, àwọn òkúta rẹ̀ sì yọ gogoro láàárín ilé. Lórí ọ̀kan ni ère Màríà pupa ràgàjì kan dúró sí láti ọdún 1860. Irin 213 àgbá ogun tí àwọn Faransé gbà lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ní Sebastopol ni wọ́n yọ́ fi rọ ọ́. Lórí èkejì ni ilé àdúrà Saint-Michel d'Aiguilhe wà, Godescalc kan náà yẹn ló kọ́ ọ lẹ́yìn tó dé láti Sípéènì. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 268. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ gùn. Ẹsẹ̀ yín níṣẹ́ lọ́la.

Nínú kàtídírà, ẹ wo Wúńdíá Dúdú, ère Màríà aláwọ̀ dúdú, lórí pẹpẹ. Wọ́n jó ti àtijọ́ ní ọdún 1794 nígbà ìdìtẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé, òmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa ra crédenciale, ìwé kékeré tí gîte àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa tẹ òǹtẹ̀ sí. Aago méje àárọ̀ ni Máàsì àwọn arìnrìn-àjò. Lẹ́yìn ìbùkún, wọ́n á ṣí irin tó bo ilẹ̀ ní àárín ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àtẹ̀gùn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ikùn kàtídírà ni ẹ máa ti sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sójú títì, tí ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín nínú ìkùukùu. Kódà ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó lọ.

Ọjọ́ kìíní jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 23 dé Saint-Privat-d'Allier. Ẹ ó gba àárín oko ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé tí Le Puy fi lókìkí kọjá. Kí ẹ tó dé Montbonnet ni ilé àdúrà Saint Roch wà. Ẹni mímọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń ké pè nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ni, òun àti ajá rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, nítorí ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, São Roque yìí ni àwọn èèyàn wa fi bo Ọbalúayé mọ́lẹ̀ nígbà tí wọn ò lè bọ ọ́ ní gbangba. Ẹ ó tún bá a pàdé ní ọjọ́ kẹrin.

Ọjọ́ kejì dé Saugues kò ju kìlómítà 19 lọ, òun ló sì le jù. Ní Rochegude, ilé àdúrà kékeré kan àti ilé ìṣọ́ tó ti wó kù rúkú lé orí àpáta, ẹ ó sì rí àfonífojì odò Allier nísàlẹ̀ réré. Láti ibẹ̀ ni ìsọ̀kalẹ̀ tí mo ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò igi paini gba gbogbo ojú ọ̀nà, òkúta rẹ̀ a máa yọ̀ bí òjò bá ti kàn án. Ẹ na ọ̀pá gùn díẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń sáré kọjá. Bí òjò bá pọ̀, ojú títì ọlọ́dà wà tó yí lọ sí Monistrol, ẹ gba ibẹ̀. Ẹ sinmi ní Monistrol, ẹ jẹun, ẹ pọn omi, nítorí bí ẹ bá ti kọjá afárá, òkè tó ń bọ̀ á gbé yín láti nǹkan bí 600 mítà dé 1,000 mítà, ilé àdúrà Madeleine tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ihò àpáta sì wà ní ìdajì ibẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé èémí máa tán.

Saugues ló ni ìtàn Ẹranko Gévaudan, tó pa àwọn èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ní agbègbè náà láàárín 1764 sí 1767, obìnrin àti ọmọ darandaran ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilé ìtàn kan wà fún un. Èmi tí mo lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹta lọ sí Le Sauvage, ilé olókúta ńlá kan ṣoṣo lórí pápá gbalasa, nǹkan bí kìlómítà 20. Ọjọ́ kẹrin kúrú, kìlómítà 13 dé Saint-Alban, orísun omi Saint Roch sì wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ karùn-ún, kìlómítà 15 dé Aumont-Aubrac. Ẹni tó lágbára lè so méjèèjì pọ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi níbí. Lítà méjì lóòjọ́, mẹ́ta lórí Aubrac. Omi tó bá ní àkọlé «eau potable» dára fún mímu. Bí «non» bá wà níwájú potable, ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi wẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè rí omi ẹ̀rọ ní abúlé tí ilẹ̀kùn gbogbo ti wà ní títì ni itẹ́ òkú. Wọ́n máa ń fa omi síbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, mo kúnlẹ̀ kí àwọn onílé kí n tó bu tiwọn. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti di «ẹ ṣeun o» lásán. Ní ti oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù a máa tì láti ọ̀sán gangan fún wákàtí méjì ó kéré tán, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣí ní ọ̀sán Sọ́ńdè àti ní Mọ́ńdè. Ẹ ra ti ọ̀la lónìí.

Ọjọ́ kẹfà ni Aubrac bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 26 láti Aumont dé Nasbinals. Ọjọ́ keje jẹ́ 17 dé Saint-Chély-d'Aubrac, ó sì wà lára ohun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún ayé ní 1998. Kò sí ibi tó dà bí rẹ̀. Koríko ni títí ojú fi mọ, ògiri òkúta tí wọn ò fi àpòrọ́ mọ, àti màlúù aláwọ̀ ràkúnmí tí ojú wọn dà bíi pé wọ́n lé tìróò. Inú pápá wọn gan-an ni ọ̀nà gbà. Ẹ ṣí géètì, ẹ wọlé, ẹ tì í padà. Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá, ì báà gba kí ẹ yí po. Wáyà tó tẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ajá funfun ńlá láàárín àgùntàn, ẹ má sáré, ẹ má na ọ̀pá sí i, ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jìnnà sí agbo. Lálẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá yín wò fún eégbọn. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù kẹsàn-án ni ẹ lọ, àwọn ọdẹ ti wọ igbó, ẹ wọ aṣọ tó hàn ketekete.

Bí ìkùukùu bá sọ̀ sórí Aubrac, ẹ kò ní rí ọwọ́ ara yín. Nítorí èyí ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó wà ní abúlé Aubrac láyé àtijọ́, níbi tí Adalard ará Flanders dá ilé ìtọ́jú àlejò sílẹ̀ ní nǹkan bí 1120, fi máa ń lu agogo kan nígbà ìjì, kí ẹni tó sọnù lè tẹ̀ lé ìró rẹ̀. Agogo àwọn tó sọnù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ò ní gbọ́ agogo kankan, nítorí náà bí ìkùukùu bá ti wà nílẹ̀ ní Nasbinals láàárọ̀, ẹ mu kọfí kejì kó fi lọ, tàbí kí ẹ bá ẹlòmíràn rìn.

Alẹ́ Aubrac, ẹ jẹ aligot. Pòtétò ni wọ́n sè, wọ́n gún un, wọ́n da wàràkàṣì tútù, bọ́tà àti aáyù sí i, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀gùn rò ó lórí iná títí yóò fi máa fà. Mo dúró nínú ilé ìdáná wo bàbá tó ń rò ó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ẹni ń ro àmàlà, ó fa ọ̀rọ̀gùn sókè kọjá orí rẹ̀, oúnjẹ náà sì ń tẹ̀ lé e láìjá. Ẹni tó bá jẹ iyán rí máa mọ bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n lọ́nà ọ̀fun.

Láti Aubrac, ilẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á sì móoru. Láti Saint-Chély, kìlómítà 16 dé Saint-Côme-d'Olt tí ṣóńṣó ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́ bí irun dídì, 17 sí i dé Estaing gba Espalion àti afárá òkúta pupa rẹ̀ lórí odò Lot. Ilé odi Estaing, Valéry Giscard d'Estaing tó ti jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ náà rí ló rà á ní 2005. Kìlómítà 14 dé Golinhac, 21 dé Conques. Kìlómítà kan tó kẹ́yìn, ọ̀nà á tún ya lulẹ̀ gan-an. Ọ̀pá yín dà?

Ní Conques, ẹ sùn ní alẹ́ méjì

Èèyàn tó rìn fún ọjọ́ mọ́kànlá kò gbọdọ̀ fi wákàtí kan wo Conques. Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Foy, tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ní Agen, ló ni ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìtàn ní ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan láti Conques lọ gbé láàárín àwọn ará Agen fún ọdún mẹ́wàá, títí wọ́n fi fi ìṣọ́ ibojì náà lé e lọ́wọ́. Ó jí egungun rẹ̀ gbé, ó sì gbé e wá sí Conques ní nǹkan bí 866. Ère wúrà rẹ̀, tí òkúta olówó iyebíye bò, ṣì wà nínú ilé ìṣúra títí dòní, nítorí àwọn ará abúlé kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ nígbà ìdìtẹ̀ ńlá.

Lókè ilẹ̀kùn ni wọ́n gbẹ́ ìdájọ́ ìkẹyìn sí, ère 124. Ẹ wò ó pẹ́. Láàárín, áńgẹ́lì àti èṣù dojú kọ ara wọn nídìí òṣùwọ̀n ọkàn, ẹ sì wo ìka èṣù náà dáadáa: ó ń tẹ òṣùwọ̀n wálẹ̀ níhà tirẹ̀, bí oníṣòwò tó ń fi ọwọ́ kún ẹran. Ní ọ̀run àpáàdì, ahun kan ń rọ̀ dirodiro, àpò owó rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́bàá etí òkúta náà, àwọn ojú kéékèèké ń yọjú látẹ̀yìn rẹ̀ bí ọmọ tó ń yọjú wo àlejò láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Ẹ kà wọ́n.

Lálẹ́ nígbà ìrìn-àjò, lẹ́yìn àdúrà, ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ á jáde wá túmọ̀ ère náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ dùùrù nínú ilé. Àwọn fèrèsé 104 tí Pierre Soulages, ọmọ Rodez, ṣe síbẹ̀ tí wọ́n parí ní 1994 kò ní àwòrán kankan, ìlà dúdú àti gíláàsì tí kò mọ́ gaara nìkan. Inú bí àwọn kan nígbà yẹn. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ tún lọ nírọ̀lẹ́, àwọ̀ wọn kì í dọ́gba.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Conques. Ẹ lè wọ ọkọ̀ lọ sí Rodez, kí ẹ ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò padà sí Le Puy ní ìgbà tí èrò pọ̀. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ gba ààyè nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé Estaing, torí ìjókòó inú rẹ̀ kì í pọ̀.